Òṣèré tí a fẹ́ràn nínú ipa ìkà: kí ni ó ń mú kí á gbà wọ́n gbọ́?

Alákọ̀wé Òkè-Àdó

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò nípa àwọn òṣèré tí tọmọdé tàgbà fẹ́ràn, tí wọ́n wá gba ipa ìkà tàbí ọ̀dájú nínú fíìmù, tí wọ́n sì ṣe é débi pé ẹ̀rù bà wá ní tòótọ́.

Ẹni tí mo ní lọ́kàn jù lọ ni Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé. Ní ọdún 2016, nínú The Wedding Party tí Kẹ́mi Adétiba darí, òun ni Tinúadé Coker, ìyá ìyàwó, tí inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, tí ó ń jó, tí ó ń sunkún ayọ̀, tí ó sì ń pàṣẹ fún gbogbo èèyàn lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 2018, olùdarí kan náà fi obìnrin kan náà ṣe Ẹniọlá Sàlámì nínú King of Boys, obìnrin oníṣòwò tí àwọn olóṣèlú ń bá da nǹkan pọ̀, tí ó sì jẹ́ olórí fún àwọn ọ̀daràn Èkó. Kódà Adesua Etomi, tí ó jẹ́ ọmọ rẹ̀ nínú fíìmù àkọ́kọ́, ni ó tún jẹ́ ọmọ rẹ̀ nínú èkejì.

Mo ti wo méjèèjì léraléra, ohun tí mo sì rí ni pé Ṣóbọ̀wálé kò wá ohùn tuntun kankan fún Ẹniọlá. Ohùn ńlá tí ó fi ń ṣètò ayẹyẹ ìgbéyàwó ni ó fi ń pa àwọn ọkùnrin ìgboro lẹ́nu mọ́. Ojú rẹ̀ tí ó máa ń tàn bí ó bá rí ọmọ rẹ̀ kò yí padà. Ìfẹ́ tí ó ní sí Kẹ́mi, ọmọ rẹ̀ nínú King of Boys, kì í ṣe ìfẹ́ ẹ̀tàn rárá. Ìfẹ́ abiyamọ ni, inú ìfẹ́ yẹn náà ni ìkà rẹ̀ sì ti ń jáde.

Àwọn ìkà inú fíìmù wa àtijọ́ kò fi ara wọn pamọ́. Bí Charles Olúmọ tí a mọ̀ sí Àgbákò bá ti yọjú, tàbí bí Fádèyí Olóró bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀, kò sí òǹwòran tí kò mọ̀ pé ibi ti wọlé. Irú eré bẹ́ẹ̀ ní ẹwà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni èyí tí mo ń sọ. Èrò tèmi ni pé òṣèré tí a fẹ́ràn kò gbọ́dọ̀ ju ohun tí a torí rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ nù bí ó bá fẹ́ ṣe ìkà. Ohun náà gan-an ni kí ó fi ṣe é, nítorí pé àwa tí a ń wò ó kò lè tètè yọ ìfẹ́ wa kúrò lára rẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì mú àpẹẹrẹ wá, ìbáà jẹ́ tilé ìbáà jẹ́ tòkèèrè.

Ìyá Ìbejì Ọ̀ṣogbo

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo gbà pẹ̀lú yín, mo sì fẹ́ fi ibi kan pàtó ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn. Ẹ rántí bí àwọn ọ̀gá ọ̀daràn ṣe máa ń yí tábìlì ká, tí Ẹniọlá jókòó sípò olórí, tí Makanaki, tí Reminisce olórin ṣe ipa rẹ̀, sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta kò ó. Àwọn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọmọdé, kò sì sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú wọn. Síbẹ̀ bí Ẹniọlá bá ti gbóhùn sókè, ńṣe ni ojú wọn ń wálẹ̀ bí ojú ọmọ tí ìyá rẹ̀ ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Ìyá tí ó bá mọ ọmọ í bá wí nílé wa kì í fi igi bẹ̀rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ wo ọmọ náà látòkè délẹ̀, yóò ka oore tí ó ti ṣe fún un, yóò bi í ní ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn, ìgbà tí ó bá wá dákẹ́ ni ọmọ yóò mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé. Gbogbo ìgbésẹ̀ yìí ni Ṣóbọ̀wálé ń tẹ̀ lé, ó kàn jẹ́ pé ikú ló wà níparí ìbáwí tirẹ̀ ni. Èmi tí mo bímọ, mo mọ ohùn yẹn. Mo ti lò ó rí. Ìdí nìyí tí ara mi fi bù mọ́ mi bí mo ṣe ń wò ó.

Ẹ tún wo aṣọ rẹ̀. Wọn kò wọ̀ ọ́ láṣọ ọ̀daràn. Aṣọ olówó iyebíye àti gèlè tí ó dúró ṣánṣán ni, aṣọ tí ẹ ó rí lọ́rùn ìyálọ́jà tàbí ìyá ìjọ ní ọjọ́ ìdúpẹ́. Bí ẹ bá bá a pàdé lóde àríyá, ẹ ó kúnlẹ̀ kí i.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n yà kúrò lójú ọ̀nà yín díẹ̀. Àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n láti ọdún 2001 kò kọ́kọ́ mọ Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé sí ìyá ìyàwó. Tóyìn Tòmátò ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, nínú Super Story, obìnrin oníwàhálà tí kò jẹ́ kí ilé onílé tòrò. Nítorí náà, kì í ṣe pé a ò mọ̀ ọ́n mọ́ ìwà líle rárá kí King of Boys tó dé.

Èkejì, ẹ má ṣe gbé gbogbo ògo fún òṣèré nìkan. Kẹ́mi Adétiba fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn yẹn, ó sì fún Ẹniọlá ní ìgbà èwe tirẹ̀, tí Toni Tones ṣe, kí á lè rí ibi tí ọkàn rẹ̀ ti le. Fíìmù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta. Òṣèré tí wọ́n fún láyè tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ sí lẹ́nu, bí kò bá ṣe dáadáa, ẹ̀bi rẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹta, ẹ máa rọra sọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa. Àgbákò, tí ó kú ní ọdún 2024 lẹ́yìn tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kò dédé di ẹni tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù. Ẹni tí ó bá rò pé ojú líle lásán ni ó ń ṣe kò tíì fara balẹ̀ wo bí ó ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ tán kí ó tó fèsì, àti bí ara rẹ̀ kì í ṣe kánjú. Iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Alákọ̀wé Òkè-Àdó

Mo gba ti àwọn àgbà, àbúrò, kò sì sí àbùkù tí mo fẹ́ fi kàn wọ́n. Ní ti Tóyìn Tòmátò, oníwàhálà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ̀ pe ara wọn nínú eré. Ẹni tí a lè fi ṣàwàdà bẹ́ẹ̀ ti di ẹni ilé wa. Ẹni ilé yẹn ni ó wá di Ẹniọlá. Ní ti ọ̀rọ̀ ìwé eré, ó ṣeé ṣe kí òṣèré mìíràn ka ọ̀rọ̀ kan náà jáde, kí á kórìíra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Ohun tí mo ń wádìí ni ìdí tí a kò fi lè kórìíra èyí.

Òǹwòran Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Láti ìlú London ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá tí ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n tí n kò tíì rí èyí tí ó ju ú lọ.

Henry Fonda jẹ́ òṣèré tí àwọn ará Amẹ́ríkà kà sí ojú òótọ́ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1939, òun ni wọ́n fi ṣe Abraham Lincoln nígbà èwe rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó ṣe Tom Joad nínú The Grapes of Wrath, ọmọ tálákà tí ebi àti ìyà lé kúrò ní oko bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1957, nínú 12 Angry Men, òun nìkan ni ó kọ̀ láti dá ọmọkùnrin kan lẹ́bi ikú nígbà tí àwọn mọ́kànlá yòókù ti gbà. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹni tí yóò dúró ti ẹ̀tọ́, Fonda ni wọ́n ń pè.

Ní ọdún 1968, Sergio Leone, olùdarí ará Ítálì, gbé e sínú Once Upon a Time in the West gẹ́gẹ́ bí Frank, apànìyàn tí ilé-iṣẹ́ ojú irin ń lò láti fi lé àwọn èèyàn kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Fonda fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé nígbà tí òun ń bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, òun ti dá irùngbọ̀n sí ètè òkè, òun sì ti fi awẹ́ dígí kéékèèké bo ẹyinjú òun kí ojú òun lè di dúdú, nítorí òun rò pé bí ìkà ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn. Leone ní kí ó yọ gbogbo rẹ̀. Ojú búlúù tí gbogbo ayé mọ̀ ni ó fẹ́.

Ẹ wo bí ó ṣe lò ó. Ìdílé kan wà lóko wọn, wọ́n ti tẹ́ tábìlì síta, wọ́n ń retí àlejò. Ìbọn dún. Bàbá ṣubú, àwọn ọmọ ṣubú, ọmọkùnrin kékeré kan ṣoṣo ló sáré jáde láti inú ilé, ó sì dúró ní àárín òkú àwọn èèyàn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó wọ ẹ̀wù gígùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú igbó. Ẹ̀yìn olórí wọn ni kámẹ́rà kọ́kọ́ fi hàn wá, lẹ́yìn náà ni ó rọra yí i ká títí tí ó fi kan iwájú, àṣé Henry Fonda ni. Ó wo ọmọ náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ẹ̀rín yẹn tutù, ó sì dára, ẹ̀rín tí ó ti fi tu àwọn òǹwòran nínú fún ọgbọ̀n ọdún ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bi í pé kí ni kí àwọn ṣe sí ọmọ yìí, ó sì pe orúkọ rẹ̀, Frank. Ó ní nígbà tí wọ́n ti dárúkọ òun báyìí, ó yọ ìbọn, ó sì yìn ín.

Kò sí ariwo kankan nínú eré rẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fajú ro. Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa sọ níbẹ̀rẹ̀ náà ni Leone ṣe: kò gbà kí òṣèré náà fi ìbòjú bo ohun tí a fẹ́ràn lára rẹ̀.

Tísà Eré Ìtàgé

Ẹ ṣeun, Òǹwòran. Ìbéèrè kan wà tí ó ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ ní eré orí ìtàgé kò mọ Henry Fonda rí. Wọn kò wo Lincoln, wọn kò wo 12 Angry Men. Mo fi ibi tí ẹ sọ yìí hàn wọ́n, gbogbo kíláàsì sì dákẹ́ rọ́rọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìfẹ́ àtẹ̀yìnwá ni ó ń ṣiṣẹ́, kí ni ó ba àwọn wọ̀nyí lẹ́rù? Ó dà bíi pé ohun kan wà nínú iṣẹ́ náà tí kò gbára lé òkìkí òṣèré rárá.

Òǹwòran Peckham

Ìbéèrè tó gbọ́n ni, Tísà. Ìdáhùn tèmi ni pé òkìkí máa ń fi kún un ni, kì í ṣe òun ni ìpìlẹ̀. Ẹ̀rín tí ó rẹ́rìn-ín sí ọmọ yẹn ni ìpìlẹ̀. Ẹni tí kò mọ Fonda rí láyé rẹ̀ yóò rí àgbàlagbà kan tí ojú rẹ̀ tutù, tí ó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ kékeré, ọkàn rẹ̀ yóò sì sọ fún un pé ọmọ náà yóò yè. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni a fi fẹ́ràn rẹ̀, ó sì tó. Ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ yóò kàn padánù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ará Ìkòròdú

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dá sí i. Denzel Washington ni tèmi, nínú Training Day ti ọdún 2001, tí Antoine Fuqua darí.

Kí fíìmù yẹn tó jáde, ta ni Denzel lójú wa? Steve Biko, ajìjàgbara ọmọ South Africa, ni, ní ọdún 1987. Malcolm X, ajìjàgbara àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ni, ní ọdún 1992. Ọ̀pọ̀ ìyá ní ilẹ̀ wa ló ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ ọkùnrin tó yẹ kí ọmọbìnrin wọn mú wálé. Lẹ́yìn náà ni ó wá di Alonzo Harris, ọlọ́pàá Los Angeles tí ó ń kó owó ọ̀daràn jẹ, tí ó ń pa èèyàn, tí ó sì fẹ́ fi ọjọ́ kan ṣoṣo sọ ọlọ́pàá tuntun kan, Jake Hoyt tí Ethan Hawke ṣe, di irú ara rẹ̀ tàbí kí ó pa á.

Ẹ lọ wo ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì pàdé, nílé oúnjẹ ní àárọ̀. Alonzo ń ka ìwé ìròyìn. Ọmọkùnrin náà fẹ́ sọ̀rọ̀, Alonzo ní kí ó jẹ́ kí òun ka ìwé ìròyìn òun. Ọmọkùnrin náà dákẹ́, ara rẹ̀ kò balẹ̀, ó tún gbìyànjú. Alonzo bínú pé ó ba ìwé kíkà òun jẹ́, ó wá ní kí ó pa ìtàn fún òun nígbà náà, ìtàn tí yóò dùn mọ́ òun ju ìwé ìròyìn lọ. Bí ọmọ náà ṣe ń sọ ìtàn, Alonzo ń bù ú kù, ó tún ń rẹ́rìn-ín sí i, àwa tí a ń wò ó náà sì ń rẹ́rìn-ín. Ó wù wá kí ọ̀gá yìí gba tiwa. Láti ibẹ̀ ni a ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú Hoyt. Kò pẹ́ sí i ni ó dá ọkọ̀ dúró láàárín oríta, tí ó na ìbọn sí ọmọ náà pé kí ó fa oògùn olóró, tí ó sì tún ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n tí ó ń kọ́ àbúrò ní ọgbọ́n ayé. Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló jọ òótọ́. Ohùn tí ó fi bá wa sọ̀rọ̀ òmìnira nínú Malcolm X ni ó fi ń sọ ọ́.

Fíìmù yìí ni ó fún un ní ẹ̀bùn Oscar ti olórí òṣèrékùnrin ní oṣù kẹta ọdún 2002, òun sì ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kejì tí yóò gbà á, lẹ́yìn Sidney Poitier. Ó dùn mí díẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, pé kì í ṣe fún Malcolm X ni wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo iṣẹ́ náà bí iṣẹ́, ó tọ́ sí i.

Ìyá Ìbejì Ọ̀ṣogbo

Ọ̀rọ̀ yín dára, Ará Ìkòròdú, òun náà ni ó sì mú ohun tí ó ń kọ mí lóminú wá sí ẹnu mi. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ẹniọlá Sàlámì, tí wọ́n ń sọ pé bí obìnrin ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn. Wọ́n rí owó, wọ́n rí agbára, wọ́n rí bí ọkùnrin ṣe ń wárìrì níwájú rẹ̀. Bí òṣèré bá ṣe ìkà tí ó wuni tó bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe pé ó ń tà á fún àwọn ọmọ wa ni? N kò fẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà bo èyí mọ́lẹ̀.

Ará Ìkòròdú

Ìyá wa, ẹ̀rù yín tọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Denzel ṣe nípa rẹ̀. Ó ti ṣàlàyé pé òun kọ ọ́ sára ìwé eré òun pé ikú ni èrè ẹ̀ṣẹ̀, bí ó ṣe wà nínú Ìwé Róòmù, àti pé òun kò ní gbà láti gbé ayé Alonzo ní ọ̀nà tó burú tó bẹ́ẹ̀ àyàfi bí ó bá kú ní ọ̀nà tó burú. Ẹ wá wo ìparí rẹ̀. Alonzo dúró láàárín àdúgbò tí ó ti fi ìbẹ̀rù ṣàkóso, ó ń ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lè bá a yin Hoyt níbọn, kò sì sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Àwọn ọkùnrin tí ó ti ń pè ní ọmọ rẹ̀ jẹ́ kí Hoyt gba àárín wọn lọ. Ó pariwo, ó lérí, ó fi ara rẹ̀ wé King Kong, gbogbo wọn yí ẹ̀yìn sí i. Ẹ̀rín tí ó fi mú wa láàárọ̀ ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń rà á mọ́. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ láàárọ̀, ibẹ̀ ni ojú yóò ti tì yín.

Alákọ̀wé Òkè-Àdó

Mo fẹ́ fi kún un, Ìyá Ìbejì, pé King of Boys náà kò jẹ́ kí Ẹniọlá jẹ é gbé. Ikú wọ ilé rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ẹni tí ń sá kúrò nílùú. Nígbà tí ó padà dé nínú apá kejì tí ó jáde ní ọdún 2021, tí ó ń du ipò gómìnà Èkó, ẹni tí ó ń bá a jà jù lọ ni ara rẹ̀ nígbà èwe, tí Toni Tones tún ṣe, tí ó ń yọ sí i, tí ó ń tì í padà sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ sọ yẹn mú gèlè, wọ́n fi ọ̀fọ̀ sílẹ̀. N kò mọ bí òṣèré ṣe lè dá èyí dúró, ṣùgbọ́n Ṣóbọ̀wálé kò fi ọ̀fọ̀ náà pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Igbe tí ó ké nínú fíìmù yẹn kò ṣeé wò tán.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Ẹ̀yin kò tíì dárúkọ Fẹ́mi Adébáyọ̀, ó sì yẹ kí á gbé e yẹ̀ wò, nítorí mo rò pé ó fi ibi tí èrò ẹ̀gbọ́n wa kù sí hàn. Ọmọ Adébáyọ̀ Sàlámì, Ọ̀gá Bello, ni. Ọ̀pọ̀ wa ló fẹ́ràn rẹ̀ nítorí Jẹ̀lílì, tí ó fi pa wá lẹ́rìn-ín. Ní ọdún 2023, nínú Jagun Jagun, ó di Ògúndìjì, ológun tí ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ogun, tí ó sì ń pa ẹni tí ó bá fẹ́ ju òun lọ nínú wọn. Kò mú ohunkóhun láti ara Jẹ̀lílì wá. Ohùn tuntun ni, ìrìn tuntun ni, ara rẹ̀ wúwo, ojú rẹ̀ kò ṣí. Síbẹ̀ ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Ṣé èyí kò fi hàn pé òṣèré lè pa gbogbo ohun tí a fẹ́ràn lára rẹ̀ rẹ́, kí á sì gbà á gbọ́?

Tísà Eré Ìtàgé

Mo gbà fún ọ díẹ̀, Ọmọ Ẹ̀gbá. Ògúndìjì jẹ́ ti ìlà Àgbákò ju ti Ẹniọlá lọ, Fẹ́mi Adébáyọ̀ sì ṣe ẹ̀tọ́ sí ìlà yẹn. Ṣùgbọ́n tún wo bí ó ṣe ń bá Gbọ́tìjà, tí Lateef Adédiméjì ṣe, sọ̀rọ̀. Ó ń yìn ín, ó ń gbé iṣẹ́ fún un, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ikú nínú. Ọmọkùnrin náà ń fẹ́ kí ọ̀gá òun rí òun. Ibi tí ó ti ń dùn mí jù nìyẹn, kì í ṣe ibi tí ó ti ń lérí. Bí wọ́n bá fi irú ìwà bàbá bẹ́ẹ̀ kún un sí i, kí wọ́n sì dín ìlérí kù, ìbá tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Femi Branch náà ṣe Baṣọ̀run Gáà nínú House of Ga'a ní ọdún 2024. Ìṣòro tirẹ̀ yàtọ̀, nítorí pé àwa ti mọ Gáà kí á tó bí òṣèré kankan nínú wọn. Gbogbo wa la gbọ́ ọ nílé pé bí o láyà o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà o sọ òótọ́. Kò sí àyè láti fẹ́ràn ẹni tí òwe ti dá lẹ́jọ́.

Àbúrò Sinimá

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé Kúnlé Rẹ̀mí nínú Aníkúlápó ti ọdún 2022 wà lára wọn? Ṣàró, ahunṣọ tó dé ìlú Ọ̀yọ́, bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó sì parí sí ìgbéraga àti àìmoore.

Alákọ̀wé Òkè-Àdó

Òṣèré tó dára ni, àbúrò mi, ṣùgbọ́n mo rò pé ìtàn ẹni tí agbára bà jẹ́ ni ti Ṣàró. A ń wo bí ó ṣe ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn níbí ti bàjẹ́ tán kí á tó bá wọn pàdé, àwa ni a kò mọ̀.

Òǹwòran Peckham

Robin Williams kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù sẹ́yìn. Aláwàdà tí kì í jókòó sójú kan ni, tí ọ̀rọ̀ ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi. Ní ọdún 2002 nìkan, ó ṣe apànìyàn nínú Insomnia níwájú Al Pacino, ó sì ṣe Sy nínú One Hour Photo, òṣìṣẹ́ tí ó ń fọ fọ́tò nínú ilé ìtajà ńlá, tí ó ń fọ ẹ̀dà fọ́tò ìdílé kan pa mọ́ fún ara rẹ̀, tí ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri ilé rẹ̀ títí ògiri náà fi kún. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó mọ orúkọ ọmọ wọn, ó fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn. Inú rere tí a mọ̀ mọ́ Williams ni, ó kàn wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò pè é sí.

Tísà Eré Ìtàgé

Èyí mú mi rántí Forest Whitaker nínú The Last King of Scotland, fíìmù ọdún 2006 tí ó fún un ní Oscar ní ọdún 2007. Idi Amin ni ó ṣe, ẹni tí ó jọba lé Uganda lórí láti 1971 di 1979, tí kì í ṣe ìtàn àròsọ fún àwa ọmọ Áfíríkà. Kí ó tó di ìgbà náà, ọkùnrin tí ojú rẹ̀ tutù, tí ohùn rẹ̀ kì í le, ni a mọ Whitaker sí.

Ẹ rántí ìpàdé àkọ́kọ́ Amin pẹ̀lú dókítà ọmọ Scotland tí James McAvoy ṣe. Ọwọ́ Amin ṣèṣe nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ kọlu màlúù kan lójú ọ̀nà, màlúù náà sì ń ké lójú oró, kò jẹ́ kí dókítà lè ṣiṣẹ́. Dókítà náà mú ìbọn Amin, ó yin màlúù náà níbọn. Gbogbo àwọn ọmọ ogun na ìbọn sí i. Amin wò ó, ó gbọ́ pé ọmọ Scotland ni, ojú rẹ̀ sì là bí ti ọmọdé. Ó bọ́ ẹ̀wù ọ̀gágun rẹ̀ fún un, ó sì gba ẹ̀wù Scotland tí ó wà lọ́rùn ọmọkùnrin náà fún ọmọ tirẹ̀. Èmi rẹ́rìn-ín níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn tí a jọ wò ó. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí odidi orílẹ̀-èdè ṣe lè pàtẹ́wọ́ fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ó wo ẹ̀rín Whitaker níbẹ̀. Kò sí ìwé ìtàn tí ó là á yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Tísà, mo gba ti Amin yẹn láìjanpata. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí ẹ bá ní àṣẹ láti yan òṣèré wa kan fún irú ipa yìí lónìí, ta ni ẹ máa mú?

Ìyá Ìbejì Ọ̀ṣogbo

Èmi yóò mú Bimbo Ademoye. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń kún ojú rẹ̀ títí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ara rẹ̀ sì yá mọ́ èèyàn. N kò fẹ́ kí wọ́n fún un ní ìbọn, n kò sì fẹ́ kí wọ́n kun ojú rẹ̀. Kí wọ́n fi ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ẹni tí gbogbo ẹbí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó ń pe àwọn àgbà ní màmá mi àti bàbá mi, tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ wọn ní ògì, tí ìwé ilé àti ilẹ̀ wọn sì ń bọ́ sí àpò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ó máa rẹ́rìn-ín bí ó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín gan-an.

Alákọ̀wé Òkè-Àdó

Tèmi ni Ọ̀gá Bello fúnra rẹ̀, bàbá Fẹ́mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti ń wò ó gẹ́gẹ́ bí bàbá tí ń parí ìjà. Kí wọ́n jẹ́ kí ó parí ìjà ìdílé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù dé òpin, pẹ̀lú òwe, pẹ̀lú sùúrù, kí ó sì jẹ́ pé òun ni ó ń dá gbogbo ìjà náà sílẹ̀ láti ẹ̀yìn. Bí olùdarí kankan bá ń ka èyí, mo bẹ̀ ẹ́, má ṣe jẹ́ kí ó gbóhùn sókè rárá.